Níbo Ni Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà Yóò Ti Dúró Wo Òkun?

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí kìlómítà 30 àkọ́kọ́ nínú ọ̀nà tí wọ́n ń là gba etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar. Tí wọ́n bá là á tán, gígùn rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi 700 kìlómítà. Kọnkéré ni wọ́n fi tẹ́ ẹ láti ojú Ahmadu Bello Way ní Victoria Island, níbi tí àwọn àgbà Èkó mọ̀ sí Bar Beach, ó sì forí lé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. A ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà yìí títí ó fi sú ẹlòmíràn: iye tí wọ́n ń ná sí i, bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wó, ẹni tó gba owó gbà-máà-bínú àti ẹni tí kò rí gbà. Gbogbo rẹ̀ ló tó sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò tíì béèrè tó. Ẹni tó wọ dáńfó kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, níbo ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, kó fẹsẹ̀ rìn dé etí omi láìsí pé ẹnikẹ́ni na tíkẹ́ẹ̀tì sí i, kó wo òkun títí tó bá wù ú, kó tó máa lọ? Èrò mi ni pé ọ̀nà etí òkun tí kò bá ní ibi ìdúró àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ayé, òkun gan-an ni yóò gbà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, tí yóò sì kó o fún ẹni tó lówó láti mọ ọgbà. Àlejò tó wọ bàálù wá láti òkèèrè lè wá bó bá wù ú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára ni òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, láti Ọba Àkràn àti Agídìngbì dé Ọ̀gbà, títí dé Agége.

Igbó àti oko ni Agége tẹ́lẹ̀. J.K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì síbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Gbànja ibẹ̀ ló ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí ó yá, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún iléeṣẹ́, oko sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ fún ògiri àti páànù. Òpópónà tó la àárín àwọn iléeṣẹ́ náà kọjá ń jẹ́ orúkọ C.D. Àkràn, ẹni tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó sì tún jẹ́ ọba Àgbádárìgì. Orúkọ ọba ìlú etí òkun ni àwọn ènìyàn ń pè lójoojúmọ́ níbi tí atẹ́gùn òkun kì í dé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì náà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Sílábù tí wọ́n fi bo gọ́tà, tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, òmíràn ti là sí méjì, òmíràn ti rì. Tírélà tó ń dúró kí wọ́n já ẹrù rẹ̀ ti gun orí èyí tó kù, ọ́ìlì dúdú ń kán tó, tó, tó lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹlẹ́wà àgànyìn sì ti gbé ìkòkò sí àlàfo tó ṣẹ́kù. Ẹlẹ́sẹ̀ á wá bọ́ sójú títì, kí òun àti dáńfó jọ máa du ojú ọ̀nà. Bó bá dé ẹnu iṣẹ́, tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó pín ọjọ́ sí ṣíìfù méjì, wákàtí méjìlá ni yóò fi dúró ti ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ kò ní tíì kúrò létí rẹ̀ tí yóò fi délé bá ariwo jẹnẹrétọ̀. Ìjọba ṣe ibi ìgbafẹ́ sí Aláùsá lóòótọ́, Ndubuisi Kanu Park àti Johnson Jakande Tinubu Park, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n wà, wọn kò sì lè gba ogunlọ́gọ̀ tó ń gbé láti Dópẹ̀mú dé Ìjú. Lórí máàpù, láti Agége dé òkun kò pé 30 kìlómítà. Síbẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Agége lè dàgbà, kó kọ́ṣẹ́, kó sì gba ìwé ẹ̀rí, láìfojú kan òkun rí.

Ohun tí ọ̀nà máa ń ṣe sí etí òkun kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa rí. Nígbà ìjọba Lateef Jakande ni wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Kí ó tó débẹ̀, abúlé apẹja àti oko àgbọn ló pọ̀ lójú ilẹ̀ yẹn. Ọ̀nà dé, owó ilẹ̀ gbéra, ẹ́síteètì tẹ̀lé e, géètì tẹ̀lé ẹ́síteètì. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi láti Oniru lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹnu géètì ni èèyàn ti ń kọ́kọ́ pàdé òkun. Yóò san owó àbáwọlé, yóò san owó ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí, àga tó bá fẹ́ jókòó lé náà ní iye tirẹ̀. N kò bá àwọn tó dá irú ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ jà. Wọ́n gba èèyàn síṣẹ́, wọ́n ń gbá ilẹ̀, wọ́n sì ń tan iná. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí a la ọ̀nà ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò fa ìlà sí ilẹ̀ pé, èyí ni ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn yóò máa gbà lọ sí omi. Nígbà tí a ó fi rántí, ilẹ̀ ti tán. Ọ̀nà kejì ti wá dé báyìí, ó sì súnmọ́ òkun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 2024, nígbà tí wọ́n ń wó apá kan nínú àwọn ilé ìgbafẹ́ àti ilé ìtajà Landmark ní Oniru, mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, sọ pé ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 250 sí etí òkun, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni lóòótọ́, a jẹ́ pé ti ará Agége náà ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ ti ará Victoria Island. Ìjọba tó fi ẹ̀tọ́ yẹn wó ilé olówó kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò ní ilẹ̀ tí tálákà yóò fi ẹsẹ̀ rìn.

Bóyá ẹnìkan á sọ pé ará Èkó kò ní àṣà ìrìn ìgbafẹ́, pé ìṣe òyìnbó ni. Ẹni tó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀, kó lọ sí ọgbà ìdáàbòbò igbó tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí lọ́jọ́ tí ìjọba bá fún wa ní ìsinmi. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S.L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló dá a sílẹ̀ ní 1990 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78. Pákó ni wọ́n tò sókè ẹrẹ̀ tí èèyàn ń gbà wọ inú igbó lọ. Abẹ́ pákó náà, omi dúdú tí ewé jíjẹrà ti pa láró ló dúró jẹ́ẹ́, àlégbà sì lè gba ibẹ̀ kọjá láìbìkítà fún ẹnikẹ́ni. Lókè, ọ̀bọ a máa wo ọwọ́ ẹni, bóyá ẹ̀pà wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá tún rìn díẹ̀, yóò kan afárá okùn tí wọ́n so mọ́ òpó gíga, tó gùn tó mítà 401, tó ń mì bí ẹni méjì bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń pariwo lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gun ẹṣin. Àwọn tó ń tò síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìwé àbáwọlé ni wọ́n fi ń wọlé, nítorí náà ọgbà yìí kò tíì jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Ṣùgbọ́n ó fi ohun méjì hàn kedere. Èkíní, bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dára bá wà, ará Èkó yóò rìn ín. Èkejì, ká ní wọn kò dá ilẹ̀ yẹn dúró ní 1990, kí ìlú tó kún dé ibẹ̀, ilé alájà mẹ́ta mẹ́ta ni ìbá wà lórí rẹ̀ lónìí, kò sì sí iye tí ìjọba lè fi rà á padà.

Ọ̀rọ̀ àsìkò yìí ló mú mi rántí erékùṣù Mount Desert ní ìpínlẹ̀ Maine, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, àwọn olówó láti Boston àti New York ń ra etí òkun ibẹ̀ fún ilé ìsinmi, ilẹ̀ sì ń bọ́ sínú ọgbà ọlọ́gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn díẹ̀ lára àwọn olówó náà, tí George Dorr wà lára wọn, rí i pé láìpẹ́ ẹnikẹ́ni kò ní lè dé omi mọ́. Ní 1901 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba ilẹ̀, tí yóò sì máa dì í mú fún gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà lọ́wọ́ wọn ní 1916, òun ló sì di Acadia National Park. Lónìí, ọ̀nà ọkọ̀ kan tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 43 yí inú ọgbà náà ká, ó ní ibi ìdúró lóríṣiríṣi: ibi iyanrìn, ibi tí ìgbì ti ń wọ ihò àpáta tó sì ń sán bí àrá, ibi adágún omi. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ocean Path. Ó ń bá ọ̀nà ọkọ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ òkun, bíi kìlómítà mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibi kan lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi kejì, kó tún wọkọ̀ níbẹ̀. Láti 1999 ni bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ sì ti ń gbé èrò káàkiri erékùṣù náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe tó lè da kọnkéré sórí iyanrìn òkun kò lè ṣe.

Kò tilẹ̀ di dandan ká lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Ghana, afárá okùn mítà 350 tí wọ́n ta sínú igbó Kakum ní 1995 ń fa èrò lọ sí apá Cape Coast. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti àárín ìlú dé etí òkun tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, ọ̀nà tí wọ́n fi kó ẹrú lọ sínú ọkọ̀ ni, wọ́n sì to ère sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń rìn lè máa dúró, kó máa ronú. Àgbádárìgì tiwa náà ní irú rẹ̀. Èèyàn á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu, á wá máa fẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn lọ láàárín igi àgbọn títí dé ibi tí àwọn baba ńlá ẹlòmíràn ti wo ilẹ̀ yìí kẹ́yìn. Kò sí ìwé ìtàn tó lè ṣe ohun tí ìrìn yẹn ń ṣe fún ọmọ iléèwé. Ẹsẹ̀ ló yẹ kí èèyàn fi rìn ín, nítorí ẹsẹ̀ ni àwọn tí wọ́n dè fi rìn ín.

Àtakò tó lágbára jù lọ tí mo mọ̀ ni ti ebi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà, Èkó sì kéde 85,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Kí ni ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi òkun ṣe? N kò fojú kéré ìbéèrè yìí, nítorí ẹni tó bá ti ra àpò gaàrì kan lásìkò yìí mọ ohun tó ń bi í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Olówó kò nílò kí ìjọba fún òun ní etí òkun. Yóò sanwó géètì, yóò sì wọ bàálù bó bá sú u. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ná ni kò ní fàájì kankan ju èyí tó jẹ́ ti gbogbo ìlú lọ. Bí a bá sọ pé kó kọ́kọ́ là kó tó rí òkun, a ti sọ fún un pé kó má rí i láéláé nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn kò sì fìgbà kan gbà pé oúnjẹ nìkan ni ẹ̀tọ́ àwọn. Àdéhùn àkọ́kọ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe, ní 1919, orí wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ló dá lé. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìsinmi wà lára ohun tí òṣìṣẹ́ ń bá ọ̀gá dúnàádúrà lé lórí. Ibi tí yóò ti lo ìsinmi náà ni a kò tíì fún un.

Àtakò kejì ni ti ewu, òun náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ìgbà tí wọ́n ti to òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912 ni iyanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn ti ń dúró sí apá kan, tí apá kejì, níbi tí Bar Beach wà, sì ń jẹ lọ. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìgbì gun Kuramo, ó sì gbé èèyàn lọ. Àwọn abúlé bíi Òkun Alfa ti rí ilẹ̀ wọn tí omi gbà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, ẹ fi òkun sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Lójú tèmi, òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀rí náà ń sọ. Òkun tó ń jẹ ilẹ̀ kò yẹ kó bá ilé gogoro nítòsí, nítorí ilé kò lè sún sẹ́yìn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, igi àgbọn àti àga onípákó ni wọ́n yẹ ibẹ̀. Bí omi bá gba mítà márùn-ún lọ, a ó gbé ọ̀nà náà sún mítà márùn-ún, kò ní pa ẹnikẹ́ni, kò sì ní sọ ẹnikẹ́ni di aláìnílé. Ìjàpá òkun tó ń wá yé ẹyin sórí iyanrìn wa lóru yóò tún rí àyè. Ẹni tó dúró wo òkun kò ní láti wọ inú rẹ̀, àti pé níbi tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn wẹ̀, kí wọ́n gba òmùwẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ wọn, kí wọ́n sì ri àsíá pupa mọ́lẹ̀ níbi tí omi bá le.

Ti àgbèrò àti ọlọ́ṣà ńkọ́? Ibi tó ṣófo, tó ṣókùnkùn, tí kò ní olùṣọ́, ni àwọn wọ̀nyẹn ń fẹ́. Ibi tí ìdílé pọ̀ sí, tí iná wà, tí ìyá oníbọ̀ọ̀lì àti oníṣúyà ní àyè tí wọ́n fún wọn pẹ̀lú àṣẹ, kì í tètè di ibùba. Ní South Africa, òkúta tó ń já láti orí òkè pa èèyàn lójú ọ̀nà Chapman's Peak, ọ̀nà etí òkun kìlómítà mẹ́sàn-án tí wọ́n là tán ní 1922. Wọ́n tì í ní 2000. Wọn kò jẹ́ kó kú síbẹ̀. Wọ́n ta àwọ̀n mú òkúta, wọ́n ṣí i padà ní 2003, wọ́n sì ń gba owó tóógéètì lọ́wọ́ ọkọ̀ láti fi tọ́jú rẹ̀. Ìjọba tiwa náà ti ní àwọn yóò máa gba tóógéètì lójú ọ̀nà Calabar. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé ìtọ̀, omi ẹ̀rọ, iná àti agbálẹ̀ ní ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní mọ́tò yóò san án, ẹlẹ́sẹ̀ yóò sì jẹ nínú rẹ̀. N kò rí àìdáa nínú ìyẹn.

Ó ku ti ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kí a kúkú ṣe ọgbà ìgbafẹ́ sí Ìkẹjà, kí a sì gbàgbé òkun. Kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n tún sílábù Ọba Àkràn ṣe, kí wọ́n lé tírélà kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ 14 oṣù keje nìkan, ọjọ́ igi gbígbìn l'Ékòó, ni a ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà kan kò lè dípò òkun. Ọ̀nà náà kò sì jìn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó sí Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Ìjú, Agége àti Ìkẹjà kó tó kọjá sí Òṣòdì. Ará Agége ti lè dé Òyìngbò láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ohun tó kù ni bọ́ọ̀sì tí yóò máa pàdé rẹ̀ níbẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, tí yóò gbé e dé etí òkun, tí yóò sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba Èkó ní bọ́ọ̀sì, ó sì ní ojú irin. Kó so wọ́n pọ̀.

Iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí ọ̀nà náà. Apá tó kù láti là pọ̀ ju apá tí wọ́n ti là lọ, iyanrìn tó wà láàárín kọnkéré àti omi kò sì tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tán. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìkẹjà, àti àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Ìkẹjà, Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè ní Abújà àti ní Aláùsá: ẹ pe mínísítà iṣẹ́ òde, ẹ ní kó mú àwòrán ọ̀nà náà wá, kó sì fi ìka tọ́ka sí ibi ìdúró àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Bí kò bá sí, ẹ ní kó yà á nísinsìnyí. Bó bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á.